Ìpele Ọ̀dà àti Ìmọ́lẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Pátákó Ìdarí fún Ọkọ̀ Òfuurufú Àfarawé Inú Ilé

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ Microsoft gbé ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Flight Simulator jáde. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú ti ń jókòó nínú ilé wọn tí wọ́n sì ń fi àwòrán kọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra àti bí ó ṣe ń balẹ̀. Nígbà tí ó yá, bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà nìkan kò tẹ́ àwọn kan lọ́rùn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó, irin àti ike kọ́ yàrá awakọ̀ gan-an, ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti ojúlówó. Ọkọ̀ Boeing 737, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1967, wà lára àwọn tí wọ́n ń fara wé jù lọ.

Pátákó ìdarí inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí: pátákó tí ṣíwíìṣì àti àkọlé wọn wà lára rẹ̀, tí iná sì ń tàn láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Kókó ibẹ̀ ni pé àkọlé kan ṣoṣo ni yóò ṣe iṣẹ́ méjì. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé kà lọ́sàn-án, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé kà lóru. Bí wọ́n ṣe to ọ̀dà lé ara wọn àti bí wọ́n ṣe fín in jìn tó ni yóò sọ bóyá yóò lè ṣe méjèèjì.

2. Ojú Awakọ̀ Lóru

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Awakọ̀ òfuurufú tí ó ń lọ lóru ní ibi méjì láti wò: pátákó tí ó wà níwájú rẹ̀ àti òkùnkùn tí ó wà níta. Bí ènìyàn bá ti inú ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú òkùnkùn, ó máa ń gba nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí ojú rẹ̀ tó mọ́ òkùnkùn náà lára tán. Ìmọ́lẹ̀ líle díẹ̀ sì tó láti sọ gbogbo èyí di asán.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi lo iná pupa nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú láyé àtijọ́, nítorí pé apá ojú tí ń ríran nínú òkùnkùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìmọ́lẹ̀ pupa lára. Ṣùgbọ́n iná pupa ní àléébù tirẹ̀: ohunkóhun tí wọ́n bá fi àwọ̀ pupa kọ sórí máàpù ni yóò pòórá lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, iná funfun tí ó ṣeé dín kù díẹ̀díẹ̀ ni ó wá gbilẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ń ṣe àfarawé nínú ilé pẹ̀lú. Nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n ti ń tan àwòrán ìta sára aṣọ funfun tàbí ògiri. Bí iná pátákó bá le jù, yóò tàn dé ara àwòrán náà, ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ yóò sì ṣá.

3. Títo Ọ̀dà Lé Ara Wọn

Ènìyàn lè rò pé kíkọ lẹ́tà funfun sórí pátákó dúdú ti tó. Lọ́sàn-án, yóò dára. Lóru, nígbà tí iná bá tàn láti ẹ̀yìn, kò sí lẹ́tà kankan tí yóò hàn, nítorí pé dúdú tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà náà ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà tí ó tọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ike akrílíìkì tí ó mọ́ gaara bí dígí, tí ó sì nípọn tó nǹkan bí 3 mílímítà. Ọ̀dà funfun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ́n sí ojú rẹ̀, ní ìwọ̀nba tí ìmọ́lẹ̀ fi lè gbà á kọjá. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà dúdú, tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá rárá. Bí ọkọ̀ tí wọ́n ń fara wé bá ní pátákó aláwọ̀ eérú, orí dúdú yìí ni wọ́n ń fọ́n eérú lé, nítorí pé ọ̀dà eérú nìkan kì í sábà dí ìmọ́lẹ̀ tán. Ọ̀dà òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í dán, kí ó má baà máa kọ mànà sí ojú.

Kí wọ́n tó fín ohunkóhun, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ike náà sí iwájú iná. Ibi tí ọ̀dà kò bá dé yóò hàn bí ìràwọ̀. Etí ike gbogbo pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà dúdú, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú ike rìn títí yóò fi jáde ní etí rẹ̀.

4. Fífín Àkọlé

Iṣẹ́ yìí jọ ti àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́. Ohun tí ọ̀bẹ bá mú kúrò lára igbá ni ó ń mú kí àwòrán hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà orí pátákó yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún un, bí kò ṣe ohun tí wọ́n yọ kúrò.

Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, yálà onírin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tàbí ti lésà, ni wọ́n fi ń fín in. Bí ìfín kò bá jìn tó, dúdú yóò ṣẹ́kù nínú lẹ́tà, kò sì ní tàn lóru. Bí ó bá jìn jù, funfun yóò bá dúdú lọ: lọ́sàn-án, lẹ́tà yóò dà bí ihò tí kò ní àwọ̀, lóru, iná ẹ̀yìn yóò máa ta sí ojú ní tààrà. Ọ̀dà gbogbo kò nípọn ju ìdá díẹ̀ nínú mílímítà kan lọ, nítorí náà bí ike bá wọ́ díẹ̀, apá kan pátákó lè dára kí apá kejì sì bàjẹ́. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán ìjìn wò lórí àjákù ike tí ó gba ọ̀dà kan náà.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan tún wà. Ènìyàn kò gbọdọ̀ fi lésà gé ike PVC, nítorí pé èéfín olóró tí ó ń jáde lára rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, ó sì ń jẹ irin ẹ̀rọ náà.

5. Iná Ẹ̀yìn Pátákó

Gílóòbù kékeré oní-5 fọ́ltì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí epo, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ojúlówó pátákó. Iná LED ni àwọn tí ń ṣe é nílé sábà ń lò. Bí agbára iná bá jẹ́ 12 fọ́ltì, tí wọ́n sì so LED funfun mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 3.2 fọ́ltì, 9.6 ni wọn yóò gbà, yóò wá ku 2.4. Rẹ̀sísítọ̀ tí ń dín iná kù ni yóò gba èyí tí ó kù. Bí iná tí ń kọjá bá jẹ́ 20 mílíáńpì, 2.4 tí wọ́n fi 0.02 pín jẹ́ 120. Rẹ̀sísítọ̀ oní-120 óòmù ni yóò bá a mu.

Kò dára kí LED wà lẹ́yìn lẹ́tà gan-an, nítorí pé apá kan lẹ́tà yóò mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Wọ́n ń sún un sẹ́yìn, wọ́n sì ń kun inú àpótí rẹ̀ ní funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn ká. Láti dín ìmọ́lẹ̀ kù, dídín fọ́ltì kù kì í bá gbogbo LED dọ́gba. Ohun tí ó sàn jù ni kí ẹ̀rọ máa tan iná kí ó sì máa pa á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú kì í mọ̀ pé ó ń kú, bí kò ṣe pé ó rẹlẹ̀.

6. Ìkádìí

Ó hàn gbangba pé ìfín tí ó jìn jù kò ní àtúnṣe ju kí wọ́n kun pátákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mọ èyí tí ó dára kò ju ẹyọ kan lọ. Kí wọ́n pa gbogbo iná yàrá, kí wọ́n dúró títí ojú yóò fi mọ́ òkùnkùn lára, kí wọ́n sì dín iná pátákó kù. Bí gbogbo àkọlé bá ṣeé kà ní ìwọ̀n kan náà, tí ìta sì ń hàn kedere, pátákó náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.