Mítà Ní Iná Pé, Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ń Rùn

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà ní ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Becontree, ní Dagenham. Tí wọ́n bá ti ki kẹ́tù bọ̀ ọ́, òórùn ike tó ń jóná á gba ilé kan. Ọmọ rẹ̀ ti fi multimeter, mítà tí a fi ń wọn iná, yẹ̀ ẹ́ wò: fọ́ltì 239. "Àǹkú, ẹ wò ó, iná pé." Kò parọ́. 230 ni wọ́n pe iná nílùú ọba. Bó bá ti wà láàárín 216 sí 253, òfin gbà á.

Tí a bá yí multimeter sí fọ́ltì, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná rárá. Ńṣe ló ń tọ́ ọ wò, bí ẹni fi orí ìka kan ọbẹ̀. Kẹ́tù ní tiẹ̀ ń fa bí àḿpíà 12. Ojú ibi tí sukúrù ti dẹ̀ lè gba ìtọ́wò, kó má lè gba ẹrù.

Mo ní kí ọmọ náà fi kẹ́tù sí ihò kan lára sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì náà, ká fi ádápítọ̀ àyẹ̀wò tí a so mítà mọ́ sí ìkejì. Bí kẹ́tù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mítà já wálẹ̀ sí 221. Fọ́ltì 18 ti lọ! Pẹ̀lú kẹ́tù kan náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò pàdánù ju 4 lọ, wáyà ló jẹ ìyẹn. 14 tó kù, lọ́nà àḿpíà 12, jẹ́ wáàtì 168: bíi gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì mẹ́ta tó ń jó pamọ́ sínú ògiri.

A pa iná ní bọ́ọ̀dù. A kọ́kọ́ fi mítà kan sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣì ní iná, ká lè mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ò kú; a wọn èyí tí a fẹ́ tú, a tún padà síbi àkọ́kọ́. Nígbà tí a tú u, sukúrù wáyà búlúù, èyí tí iná ń gbà padà, ti dẹ̀, rọ́bà rẹ̀ sì ti dúdú. Ní ilé tí wọ́n wáyà ṣáájú 2004, dúdú gan-an ni àwọ̀ wáyà yẹn, ẹ má fi ìyẹn pe iná jó o.

Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yín bá ń rùn, ẹ gba imú yín gbọ́ ju mítà lọ. Ẹ pa á ní bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́ iná.