Ẹnu-Ọ̀nà Kọ́, Agbàrokò Ni: Gúlútámétì lára Sẹ́ẹ̀lì tí ń Dáàbò Bo Ara

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ tí a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, púpọ̀ nínú wọn ni ó pe rìsẹ́pítọ̀ ní 'ẹnu-ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì'. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ẹni tí ó bá kà á yóò gbà pé ohun tí ó dé ẹnu-ọ̀nà ni ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe wíwọlé ohun tí ó kàn án ni rìsẹ́pítọ̀ fi ń jíṣẹ́. Gúlútámétì ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Gúlútámétì kò ṣàjèjì sí wa. Ó wà lára ohun tí ó ń mú kí irú dùn lọ́bẹ̀. Nínú ọpọlọ, òun ni sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì. Ní ọdún 2003, Ganor, Levite àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń gbógun ti àrùn, ní rìsẹ́pítọ̀ gúlútámétì kan lára tí a ń pè ní GluR3. Bí gúlútámétì bá kàn án, sẹ́ẹ̀lì náà á lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì tí ó so ẹran ara pọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àlàfo kan wà láàrin GluR3 tí ó máa ń ṣí, tí èròjà bíi sódíọ̀mù ń gbà wọlé. Gúlútámétì fúnra rẹ̀ dúró síta.

Èyí tí ó ta kókó jù ni ti mGlu5 àti mGlu1. Àwọn wọ̀nyí kò ní àlàfo rárá. Ìrísí wọn ni ó ń yí padà, tí àwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì á sì máa gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara wọn. Iṣẹ́ tí Pacheco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń fi àmì àrùn han sẹ́ẹ̀lì T a máa tú gúlútámétì sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì rógun ní mGlu5 lára. Gúlútámétì tí ó bá kan èyí á dí i lọ́wọ́ kí ó má ṣe pọ̀ sí i. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti ta gìrì, mGlu1 á yọ lára rẹ̀, á sì tú ìdènà yẹn. Gúlútámétì kan náà ni o.

Ìdí nìyí tí a fi dábàá 'agbàrokò'. Owó ẹyọ méjì tí a kọjú wọn síra, ọ̀rẹ́ ni. Bí a bá kẹ̀yìn wọn síra, ìjà ni. Owó ẹyọ kò sì yí padà. Àfiwé náà kò bára mu délẹ̀, nítorí aránṣẹ́ ni ó ń to owó ẹyọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí a ránṣẹ́ sí ni ìtumọ̀ gúlútámétì wà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó rò pé a gbọ́dọ̀ gbé àrokò mì kí iṣẹ́ tó jẹ́. A lè fi 'ẹnu-ọ̀nà' sílẹ̀ fún àlàfo inú GluR3. Àwọn purotéènì mìíràn wà tí ń gbé gúlútámétì wọ inú sẹ́ẹ̀lì ní tòótọ́. Àwọn yẹn ni 'agbéwọlé' bá mu.