Òfin Lórí Àjàrà Ẹ̀yìnkùlé ní Ilẹ̀ Faransé

Bí ènìyàn bá ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí ó gbin àjàrà sí i, tí ó sì fún wáìnì tí òun àti ìdílé rẹ̀ yóò mu, ta ni yóò bá a wí? Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wáìnì gbé jẹ́ ohun orí tábìlì lójoojúmọ́, ìjọba ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí rí.

Ní nǹkan bí ọdún 1863 ni kòkòrò kékeré kan tí à ń pè ní phylloxera ti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbòǹgbò àjàrà wọn run. Nígbà tí wọ́n rí i pé àjàrà Amẹ́ríkà kì í kú nípa kòkòrò yìí, wọ́n ránṣẹ́ lọ kó o wá. Àwọn ọlọ́rọ̀ lọ́ ẹ̀ka àjàrà tiwọn sára gbòǹgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tálákà àgbẹ̀ orí òkè Cévennes gbìn ín bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí kò fẹ́ oògùn púpọ̀, ó sì ń so dáradára.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, wáìnì pọ̀ lọ́jà tó bẹ́ẹ̀ tí iye owó rẹ̀ fi wó lulẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, òfin jáde tí ó ka oríṣi mẹ́fà léèwọ̀: Noah, Othello, Isabelle, Jacquez, Clinton àti Herbemont. A kò gbọdọ̀ tà á, a kò gbọdọ̀ rà á, a kò sì gbọdọ̀ gbìn ín mọ́. Wọ́n tún ń wí fún ará ìlú pé wáìnì rẹ̀ a máa sọ ènìyàn di wèrè. Àwa kò tíì gbọ́ ọtí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá mu ún ní àmujù, ìbáà ṣe ti Bordeaux. Lójú tiwa, ọ̀ràn ọjà ni: ẹni tí ń mu ti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kì í ra ti oníṣòwò. Àwọn tí ó mọ ìtàn bí ọlọ́pàá ti ń lé àwọn tí ń sè ògógóró kiri nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí owó bodè orí jíìnì òkè òkun ń wọ àpò ìjọba, yóò tètè mọ ohun tí à ń wí.

Síbẹ̀, àwọn ará òkè kan kò hú àjàrà wọn. Ní Burgenland, ní ilẹ̀ Austria, níbi tí a ti fòfin de irú wáìnì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Uhudler, a tún gbà á láàyè ní ọdún 1992.

Láti ọdún 2016, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin àjàrà wáìnì láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n yọ onílé sílẹ̀, bí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ju 1,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, tí ó sì jẹ́ pé agbo ilé rẹ̀ nìkan ni yóò mu ún. Kò gbọdọ̀ ta ìgò kan níbẹ̀.