Bí Dókítà Ṣe Ń Wo Awọ Ara Lórí Fóònù

Tí ẹ bá gbé làpálàpá síwájú kámẹ́rà nínú ìpè fídíò, ibi tí dókítà fẹ́ rí gan-an ló máa ń kọ́kọ́ pòórá. Àwòrán bí 30 ni fóònù ń rán jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí gbogbo wọn lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, á fún wọn pọ̀, á sì da àwọn àwọ̀ tó jọra pọ̀. Ìpẹ́pẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ tó yí etí làpálàpá ká, tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, á di bàìbàì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ẹ kọjú sí fèrèsé lọ́sàn-án kí ẹ tó yà á. Ẹ ya ọ̀kan láti òkèèrè, ọ̀kan nítòsí, kí ìdérí ìgò mínírà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ tún ya ibi tí nǹkan kan ò ṣe. Lára àwa adúláwọ̀, ibi tó wú kì í sábà pọ́n. Ó lè dúdú sí i tàbí kó rí bí eérú, àfi kí wọ́n fi wé ara tó dá ṣáká. Ẹ sì pa ohun tó ń mú ojú dán nínú kámẹ́rà yín. Ẹni tí irorẹ́ bo ojú rẹ̀ lè yọ sí dókítà bí ọmọ tuntun!

Nínú fídíò, ọwọ́ yín lọwọ́ dókítà. Ó lè ní kí ẹ fi ìdí ife gíláàsì tẹ ojú ibẹ̀: tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú iṣan, tí kò bá ṣá, ó ṣeé ṣe kó ti jò sábẹ́ awọ. Á tún ní kí ẹ kó gbogbo ìpara tí ẹ ń lò wá. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń bóra ló ní clobetasol, ìyẹn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, nínú. Tí ẹ bá fi pa làpálàpá, yíyún á rọlẹ̀, etí rẹ̀ á parẹ́, àrùn náà á sì máa tàn lábẹ́lẹ̀.

Àbàwọ́n tí kò mọ ìfọwọ́kàn lára lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Ọsíbítù ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe orí fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì dúdú tó ń tóbi sí i lábẹ́ èékánná. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó pa Bob Marley lọ́dún 1981 ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà máa pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpara tàbí páúdà kankan pa ojú ibẹ̀.