Àwọn Ìlú Inú Yanrìn: Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta sí Tìmbúkútù

Ẹ̀yin ará tí ń gbé ní ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, láti Lẹkki títí dé Ajah àti síwájú, kò sí ẹni tí ó lè kọ́ yín ní ohun tí yanrìn jẹ́. Orí rẹ̀ ni ẹ kọ́ ilé yín sí, òun náà ni ẹ sì ń gbọ̀n kúrò lára bàtà ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n yanrìn olómi ni tiyín. Bí a bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi yóò sun. Yanrìn tí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí òjò kì í sábà kàn, tí àwọn ènìyàn sì tẹ ìlú dó sí etí rẹ̀, tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ìwé.

Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ ni ó ti lọ sí Jerúsálẹ́mù, tí ó sì fi ojú rí aginjù Jùdíà. Àwọn mìíràn ti lọ sí Dubai. Àwọn tí ó mọ̀ pé ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ní àwọn ìlú àtijọ́ inú aṣálẹ̀ kò tó nǹkan. A kò ní kí ẹnikẹ́ni di ẹrù lónìí o, nítorí ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Málì ní 2012 kò tíì tán, ọ̀nà ibẹ̀ sì léwu gidigidi. Ìwé ni ọkọ̀ tí àwa yóò wọ̀.

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mopti ní ilẹ̀ Málì, odò Ọya ni yóò gbé e lọ, odò kan náà tí ó ń kọjá ní Lọ́kọ́ja kí ó tó dà sínú òkun. Tìmbúkútù kò sí ní bèbè odò gan-an. Nǹkan bí kìlómítà 20 ni ó wà láàárín wọn. Amọ̀ ni ilé ibẹ̀, amọ̀ ni ọgbà, amọ̀ sì ni mọ́sálásí Djinguereber tí Mansa Musa, ọba Málì, mú kí a kọ́ ní 1327 lẹ́yìn ìgbà tí ó ti Mẹ́kà dé. Nígbà tí ó ń lọ ní 1324, wúrà tí ó ná ní Káírò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye owó wúrà fi wálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn igi yọ sóde lára ògiri mọ́sálásí náà bí egungun ìhà. Kì í ṣe fún ẹwà nìkan: orí wọn ni àwọn ọ̀mọ̀lé ń gùn láti tún ògiri rẹ́ nígbà tí òjò bá ti fọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ilé amọ̀ lè yà sí Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí ilé gogoro mọ́sálásí wà, tí a kọ́ ní 1515, tí ó ga ní mítà 27. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí Tìmbúkútù.

René Caillié, ará Faransé, dé ibẹ̀ ní 1828. Ìlú wúrà ni ó ń retí, ilé amọ̀ ni ó bá, kò sì fi ìjákulẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Lójú tiwa, ibi tí ọrọ̀ ìlú náà wà gan-an ni kò wò. Iyọ̀ ń ti Taoudenni wá lórí ràkúnmí, ìrìn tí ó ju kìlómítà 600 lọ. Wúrà ń ti gúúsù wá pàdé rẹ̀. Àti àárín ọjà yìí ni ìwé gbé ń tà. Leo Africanus, tí ó ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀ ní nǹkan bí 1510, sọ pé èrè orí ìwé ju ti ọjà mìíràn gbogbo lọ. Àwọn ìdílé a máa fi ìwé àfọwọ́kọ sínú àpótí, bàbá a sì fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ohun kan wà tí ó kan àwa gan-an. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní ìlú náà tí a ń pè ní Ahmad Baba, tí a bí ní 1556. Nígbà tí ogun Mòrókò ti gba Tìmbúkútù ní 1591, wọ́n mú un, wọ́n sì kó o lọ sí Marrakesh. Kò padà sílé títí di 1608. Ní 1615 àwọn ará Tuwat, ìlú inú aṣálẹ̀ ní àríwá, fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i: ta ni ó tọ́ kí a sọ di ẹrú, ta ni kò tọ́? Ó dáhùn pé dúdú àwọ̀ ara kì í ṣe ìdí, kò sì gba ìtàn ègún Hámù gbọ́ gẹ́gẹ́ bí àwíjàre. (Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀pọ̀ Kristẹni ṣì ń fi ègún yẹn gbe ìfiniṣẹrú lẹ́sẹ̀ ní igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀.) Ẹ̀sìn ni ó fi ṣe ìwọ̀n: mùsùlùmí kò gbọdọ̀ di ẹrú. Nígbà náà ni ó to orúkọ àwọn ènìyàn tí ẹ̀sìn náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, tí a sì lè rà, tí a lè tà. Yorùbá wà nínú wọn.

Ẹ gbọ́ ọ dáradára. Ìwé yìí wà lára àwọn tí ó pẹ́ jùlọ nínú èyí tí a rí orúkọ Yorùbá, nínú ìdáhùn sí ìbéèrè nípa ẹrú ni ó sì gbé wà. Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó mú ọmọdékùnrin kan ní Òṣogùn ní 1821, tí a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí a sì kó o sínú ọkọ̀ ní Èkó ní 1822. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á, ó sì di ará Sàró. Ní 1843 ni Àjàyí Crowther yìí tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde, nínú ọdún kan náà tí ó gba oyè àlùfáà. Orúkọ tí a kọ sínú ìwé fún títà, ẹni tí a tà ni ó tún un kọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ èdè rẹ̀.

Bí Tìmbúkútù kò bá tọ́jú ìwé, a kì bá tí mọ apá àkọ́kọ́ ìtàn yìí. Ilẹ̀ yanrìn tiwa náà ní ìwé tirẹ̀. Ní 1854, nígbà tí Kòsọ́kọ́ fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹ̀pẹ́, orúkọ Lẹkki wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èbúté. Mélòó nínú wa ni ó tíì rí ẹ̀dà rẹ̀? Ìwé ìrìbọmi àwọn baba wa ńkọ́, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń bá jà?

Nígbà tí àwọn ológun ẹ̀sìn gba Tìmbúkútù ní 2012, wọ́n wó ojúbọ òkú àwọn ẹni mímọ́ ìlú náà. Abdel Kader Haidara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé sínú àpótí irin, wọ́n ń fi ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ odò gbé e lọ sí Bamako ní ìkọ̀kọ̀, díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ ẹrù mìíràn. Nígbà tí àwọn ológun náà ń sá lọ ní oṣù kìíní 2013, wọ́n dáná sun díẹ̀ nínú èyí tí ó kù ní ilé ìwé tí a fi orúkọ Ahmad Baba pè. Èyí tí ó pọ̀ jù ti lọ. Ní 2015 a parí títún àwọn ojúbọ náà kọ́, láti ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀lé ìlú náà fúnra wọn. Ní 2025 ni ìjọba Málì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ìwé náà padà sí Tìmbúkútù.