TIPS: Sítẹ́ǹtì Tó Ń La Ọ̀nà fún Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ẹ̀dọ̀

TIPS ni àwọn dókítà ń pe ọ̀nà kékeré kan tí wọ́n ń là sínú ẹ̀dọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá sí ọkàn láì fara kan ẹran ẹ̀dọ̀. Sítẹ́ǹtì, ìyẹn páìpù tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín hun, ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà náà pa dé. Àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti di àpá, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lọ́nà oúnjẹ wọn ń bẹ́ léraléra, ló wà fún ní pàtàkì. Kì í wo ẹ̀dọ̀ sàn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ ló ń dín kù, ibẹ̀ sì ni gbogbo àǹfààní rẹ̀ àti gbogbo wàhálà rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú ìfun, àpòlúkù àti ọlọ-inú jáde kì í lọ sí ọkàn tààrà. Iṣan ńlá kan tí wọ́n ń pè ní portal vein ló ń kó o wá sí ẹ̀dọ̀, kí ẹ̀dọ̀ lè yọ májèlé inú rẹ̀. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Nínú ara tó le, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìfúnpá iṣan yìí àti ti àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀ kì í ju 5 mmHg lọ. Ṣùgbọ́n bí àrùn mẹ́dọ̀wú B tàbí C, ọtí líle tàbí ọ̀rá bá ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún (ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, mẹ́dọ̀wú B ló ń fa èyí tó pọ̀ jù), àpá á gba ipò ẹran tó dáa, ẹ̀dọ̀ á sì le gbagidi. Cirrhosis nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rójú ọ̀nà wọlé mọ́ á wá máa ya gba àwọn iṣan kéékèèké, bí ọkọ̀ ṣe ń ya gba inú àdúgbò nígbà tí gosiló bá dí títì márosẹ̀.

Nínú àwọn iṣan kéékèèké wọ̀nyí, èyí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ, nítòsí ẹnu àpòlúkù, ló léwu jù. Bí wọ́n ṣe ń wú sí i ni awọ wọn ń fẹ́lẹ́ sí i. Tí ìyàtọ̀ ìfúnpá bá ti tó 10, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tó bá ti tó 12, wọ́n lè bẹ́, kí aláìsàn máa bi ẹ̀jẹ̀, kí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú. Ẹni tó bá yè é lẹ́ẹ̀kan kò tíì bọ́. Bí kò bá sí ìtọ́jú tó ń dènà rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá wọn ló tún máa ń ṣẹ̀jẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì.

Sítẹ́ǹtì kọ́ ló máa ń ṣáájú. Oògùn propranolol tàbí carvedilol ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún aláìsàn láti dín ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ portal vein kù, wọ́n á sì tún máa ti tẹ́úbù tó ní kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun láti fi òrùka rọ́bà so àwọn iṣan tó wú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ya lẹ́yìn méjèèjì, ó kan TIPS. Láti ìgbà tí ìwádìí Juan Carlos García-Pagán àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde ní 2010, wọ́n tún ń ṣe é láàárín wákàtí 72 fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn, tí ipò ẹ̀dọ̀ wọn sì fi hàn pé òmíràn ń bọ̀.

Èèṣì ló bí èrò TIPS. Josef Rösch, ọmọ ilẹ̀ Czech tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ń gba iṣan ọrùn ajá wá ọ̀nà dé inú ẹ̀dọ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sínú portal vein. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1969. Ní 1982, Ronald Colapinto ní Toronto fi àpò rọ́bà tó ń wú la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò ní ohun tó gbé e dúró kì í pẹ́ dí. Ní 1988 ni wọ́n tó fi sítẹ́ǹtì onírin tí Julio Palmaz ṣe sí i fún ènìyàn, ní Freiburg, Jámánì.

Láti ọrùn náà ni wọ́n ṣì ń bẹ̀rẹ̀ títí dòní. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lápá ọ̀tún ọrùn sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ, ó gba inú ọkàn kọjá, ó sì jálẹ̀ síbi tí àwọn iṣan ẹ̀dọ̀ ti ń tú ẹ̀jẹ̀ wọn jáde. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí kì í tètè dì, omi sì sábà máa ń wà nínú ikùn wọn, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n máa gún ẹ̀dọ̀ láti ìta. Dókítà á ti rọ́bà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ dé inú iṣan ẹ̀dọ̀ apá ọ̀tún, á sì fẹ́ gáàsì carbon dioxide gba inú rẹ̀ kí ẹ̀ka portal vein lè hàn lójú X-ray.

Ibi tó le jù ló kàn. Abẹ́rẹ́ gígùn tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n máa fi gún ẹran ẹ̀dọ̀ láti iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde sí ẹ̀ka ọ̀tún iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Iwájú ni wọ́n ń kọjú rẹ̀ sí, torí pé iwájú ni ẹ̀ka náà wà. Wọ́n lè gún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó bá a. Bí wọ́n bá ṣe ń fa abẹ́rẹ́ padà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fa sìríńjì wò. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wọ̀ ọ́, wáyà á gba ibẹ̀ wọlé, àpò rọ́bà kékeré á tẹ̀lé wáyà, wọn á fẹ́ ẹ kí ó la ẹran líle náà, sítẹ́ǹtì á sì jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń wọn ìfúnpá ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí ìyàtọ̀ náà já wálẹ̀ sábẹ́ 12 ni wọ́n ń wá.

Sítẹ́ǹtì àkọ́kọ́ jẹ́ irin lásán, ó sì máa ń dí: omi òróòro ń jò wọ inú rẹ̀, ẹran ara sì ń hù gba àárín wáyà. Èyí tó wà lóde báyìí jẹ́ nitinol, àdàlù nickel àti titanium tó ń ṣí fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi awọ ike PTFE bò ó. Nínú ìwádìí tí Christophe Bureau àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2004, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba onírin lásán ni tiwọn bà jẹ́, ìdá 13 péré sì ni láàárín àwọn tó gba aláwọ. Sẹ̀ǹtímítà méjì tó wà nínú portal vein nìkan ni awọ náà kò bò, kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì lè ya gba àárín wáyà lọ sínú ẹ̀dọ̀. Òrùka wúrà ló sàmì sí ààlà méjèèjì, ó ń hàn kedere lójú X-ray.

Fífẹ̀ sítẹ́ǹtì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mìlímítà 8 tàbí 10 ni wọ́n sábà ń lò. Ìyàtọ̀ náà kò jọni lójú, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òfin ìṣàn omi nínú páìpù, ihò tó fẹ̀ láti 8 sí 10 lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ kọjá lábẹ́ ìfúnpá kan náà.

Ẹ̀jẹ̀ tó kọjá bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ kò fọ̀. Ammonia tó ti inú ìfun wá á dé ọpọlọ: aláìsàn á máa tòògbé, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má já geere mọ́. Ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó gba TIPS tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Lactulose àti rifaximin ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, wọ́n lè fún sítẹ́ǹtì náà pọ̀. Ọkàn pẹ̀lú á gba ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ṣe é fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán lè má gba dídín tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín kù, ó sì lè tètè parí iṣẹ́.

Ẹ̀rọ Doppler ni wọ́n fi ń yẹ sítẹ́ǹtì náà wò láti ìgbà dé ìgbà bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn dáadáa nínú rẹ̀; bí ó bá ti ń dí, ọrùn náà ni wọ́n tún máa gbà lọ là á. Fún ẹni tó ń retí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, orí sítẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ yọ sínú ọkàn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jìn jù sínú portal vein, kí oníṣẹ́ abẹ lè rí ibi tó máa dè, tó sì máa gé.