ARIYÀNJIYÀN BỌ́Ọ̀LÙ NÍ AGÉGE: TA NI Ó JẸ ÈRÈ ỌMỌ TÍ Ó LỌ?

Ẹni tí ó bá gba ìkóríta Pen Cinema kọjá ní Agége ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó gun òkè, kò lè ṣàì rí ọ̀wọ́ ènìyàn tí ó yí tábìlì olùta ìwé-ìròyìn ká. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń fi owó ra ìwé. Àwọn tí ó pọ̀ jù wá ka àkọlé ọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì wá jiyàn. Ẹni tí ó ń lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà dúró níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀; ẹni tí ó ru búrẹ́dì sọ ẹrù kalẹ̀; awakọ̀ dáńfó pàápàá yọ orí lójú fèrèsé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ ń kùn. Kì í ṣe owó orí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, kì í sì í ṣe iná mànàmáná. Bọ́ọ̀lù ni: ta ni ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ta ni ó rà á, èló ni wọ́n san, àti pé ẹgbẹ́ wo ni yóò fi ojú orogún rẹ̀ gbolẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Láìpẹ́ yìí, a dúró tì wọ́n ní òwúrọ̀ kan, a sì gbọ́ ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀gbà, fi ìbínú sọ pé, “Bàbá, ẹ má gbèjà àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí fún mi. A pariwo orúkọ wọn títí ohùn wa fi há. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tí yóò gbé wọn lọ sí òkè òkun, wọn kì í wẹ̀yìn mọ́.” Àgbàlagbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì kúrò ní iṣẹ́ rélùwéè rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Ìwọ náà, bí ilé-iṣẹ́ tí ó dojú kọ tiyín bá fi owó oṣù ìlọ́po mẹ́wàá lọ̀ ọ́ ní ọ̀la, ṣé wàá dúró títí a óò fi wá dágbére fún ọ?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó béèrè ohun kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dá a lóhùn: “Ó dára, wọ́n lọ. Kí ni ó kù sí ọwọ́ Agége?”

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Pápá ìṣeré Agége ni ilé ẹgbẹ́ MFM nígbà tí ẹgbẹ́ náà wọ inú líìgì àgbà Nàìjíríà ní 2016. Ní 2017, ọdún kejì wọn péré níbẹ̀, wọ́n ṣe ipò kejì, Plateau United ti Jos nìkan ni ó ṣíwájú wọn. Stephen Odey, ọ̀dọ́ tí ń gbá iwájú fún wọn, gbá góòlù 18 wọlé ní ọdún náà. Ẹyọ kan péré ni Anthony Okpotu ti Lobi Stars fi jù ú lọ. Bí ìdíje náà ti ń parí lọ, FC Zürich ti ilẹ̀ Switzerland mú Odey lọ. Ní 2018, MFM gbé àsíá Èkó lọ sí ìdíje àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n borí Real Bamako ti ilẹ̀ Mali. Wọ́n borí MC Alger ti ilẹ̀ Algeria ní Èkó níhìn-ín pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Algiers, góòlù 6 ni wọ́n jẹ láì gbá ẹyọ kan wọlé. Ní 2022, wọ́n já kúrò nínú líìgì àgbà. A kò sọ pé lílọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó fa gbogbo èyí, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ó jókòó ní pápá Agége ní 2017, tí ó sì tún jókòó níbẹ̀ ní 2022, mọ ohun tí ó sọnù.

Kí a má ṣe rò pé àrùn titun ni èyí. Ní ayé ìjọba àwọn òyìnbó, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó lágbára jù ní Èkó: Marine, rélùwéè, P.W.D. àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ìdíje ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní 1945, Marine ni ó kọ́kọ́ gbà á. Rélùwéè gbà á ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá kì í pẹ́ rí iṣẹ́. Ẹ̀ka tí ó bá nílò ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wá àyè fún un ní ọ́fíìsì tàbí ní ibi tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, bí ẹ̀ka mìíràn bá sì fi ohun tí ó dára ju èyí lọ lọ̀ ọ́, yóò kó aṣọ rẹ̀. Teslim Balogun, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Thunder, gbá bọ́ọ̀lù láti ẹgbẹ́ kan dé òmíràn ní Èkó. Ó wà lára àwọn tí wọ́n bá ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949 láti bá àwọn ará ibẹ̀ díje. Ní 1955 ó padà lọ sí Peterborough, ní 1956 ó sì wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní London. Èkó kò pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ pápá ìṣeré tí ó wà ní Sùúrùlérè títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí àwọn ọlọ́lá wa gba iṣẹ́ náà ní ọwọ́ ìjọba. Ní 1958, Israel Adebajo, oníṣòwò ohun èlò ìkọ̀wé, dá ẹgbẹ́ Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó, ẹgbẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Adebajo Babes. Olóyè M. K. O. Abiola dá Abiola Babes sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ilé-iṣẹ́ Leventis sì ní tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Rashidi Yekini kúrò ní Kaduna wá sí ọ̀dọ̀ Shooting Stars ti Ìbàdàn ní 1982, ó kọjá sí Abiola Babes, ó sì gba Abidjan lọ sí ọ̀dọ̀ Africa Sports ní 1987. Ní ilé ọtí ní Ìbàdàn nígbà náà, àwọn kan ṣẹ́ ẹnu sí i pé ó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ìdíje ife àgbáyé, ní 1994, tí ó sì di àwọ̀n mú tí ó ń sunkún, ta ni ó rántí ẹgbẹ́ tí ó fi sílẹ̀?

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ orogún, a ní ọ̀rọ̀ kan láti bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ. Orogún ẹni kì í ṣe ọ̀tá ẹni. Nígbà tí Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní I.I.C.C. nígbà náà, gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba irú rẹ̀, inú Èkó kò dùn tán. Ṣùgbọ́n ìjowú náà wà lára ohun tí ó mú kí Stationery Stores tiraka títí wọ́n fi dé àṣekágbá ìdíje kan náà ní 1981, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Union Douala ni ó borí wọn. Láti 1984 dé 1987, Leventis àti Abiola Babes pín ife ilẹ̀ wa láàárín ara wọn bí ẹni pín iṣu: Leventis ní 1984, Abiola ní 1985, Leventis ní 1986, Abiola ní 1987. Lẹ́yìn náà ni a tú Leventis ká. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Abẹ́òkúta bóyá inú wọn dùn sí i. Ẹni tí orogún rẹ̀ kú kò ní ẹni tí yóò lé e sáré mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin Ọ̀gbà: kí ni ó kù sí ọwọ́ Agége? Èsì tí a rí dùn wá láti sọ. Ohun tí ó yẹ kí ó kù sí ọwọ́ wa wà nínú òfin, ṣùgbọ́n a kì í lọ gbà á.

Láti 2001, òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, sọ pé nígbà tí ẹgbẹ́ ilẹ̀ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Bí owó náà bá jẹ́ mílíọ̀nù 1, ìpín àwọn olùtọ́ jẹ́ 50,000. Ẹgbẹ́ tí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọmọ ọdún 12 dé 15 yóò gba 2,500 fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọmọ ọdún 16 lọ sókè yóò gba 5,000 fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tí a bá sì tún un rà bẹ́ẹ̀, wọn yóò tún gbà.

Ẹ wo Victor Osimhen, ọmọ tí ó dàgbà ní Olúsósùn, tí kò jìnnà sí Ìkẹjà. Ó gbá góòlù 10 wọlé ní Chile ní 2015, nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ. Ó lọ sí Jámánì ní 2017. Ó dé Bẹ́ljíọ̀mù àti Faransé. Ó gba líìgì Ítálì pẹ̀lú Napoli ní 2023, ọdún tí a yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà. Ní 2025, Galatasaray ti ilẹ̀ Turkey rà á lọ́wọ́ Napoli ní mílíọ̀nù 75 owó yúrò. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀, ọdún kan ṣoṣo tí a fi tọ́ ọmọ lẹ́yìn tí ó pé ọdún 16 tó 375,000 yúrò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ẹ sọ fún wa, bọ́ọ̀lù mélòó, bàtà mélòó, owó ilé-ìwé ọmọ mélòó ni ó wà nínú rẹ̀?

Láti oṣù kọkànlá 2022, FIFA ti ní ilé-iṣẹ́ kan ní Paris tí ń gba owó yìí tí ó sì ń pín in. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ojú wo ẹni tí ó pariwo jù. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń wò: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ fún lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí ó dé, ọjọ́ tí ó lọ. Ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ìwé kò sí nínú ìpín.

Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a jẹ́ akọ̀wé fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní apá Ìjú, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé. Àwa tí a ń kọ ẹrù tí ó wọlé àti ẹrù tí ó jáde sínú ìwé ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ di alẹ́, tí kọ́bọ̀ kan kì í dín, orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé, a sì fi í sí orí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. A kò fi orúkọ ẹyọ ọmọ kan ránṣẹ́ sí àjọ bọ́ọ̀lù. Ó di ọjọ́ kan, a gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti dé òkè òkun, ẹgbẹ́ kan sì ti rà á lọ́wọ́ òmíràn níbẹ̀. A sáré lọ gbé ìwé wa. Òjò ti fọ gbogbo rẹ̀ di aró. Orúkọ ọmọ kan kò ṣe é kà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, ẹni tí ó ń fi owó àpò ara rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù, wo ìwé náà, ó wo ojú wa, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìdákẹ́ náà ń dùn wá títí di òní ju èébú lọ. Ọmọ náà kò gbàgbé wa o. Ó fi aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù kan ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó dà wá. Àwa ni a kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ní Agége, ní Ìkẹjà, ní Ọ̀gbà àti ní Ìjú, ìbáà ṣe ti ilé-ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti àdúgbò, a bẹ̀ yín: ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín àti orúkọ àwọn ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù kí ọmọ náà tó lókìkí. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ yín ní àkókò, kí orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ sì bá èyí tí ó wà ní ilé-ìwé mu. Bí àjèjì kan bá wá sọ pé òun fẹ́ gbé ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Òfin FIFA kò gbà á, àfi ní ìwọ̀nba ìdí díẹ̀.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ máa jiyàn yín. A kò ní kí ẹ dákẹ́, nítorí òwúrọ̀ Pen Cinema kò ní dùn bí ẹ bá dákẹ́. Ẹ máa fi orogún yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kan bá lọ, dípò kí ẹ máa ṣépè fún un, ẹ kọjú sí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì bi wọ́n pé: “Ìwé rẹ̀ dà?” Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r’òde. Bí ọmọ wa bá fi ẹ̀ṣọ́ tí a kó fún un ní Agége dé òkè òkun, ó yẹ kí ìwé wà ní ilé tí yóò fi hàn pé àwa ni a kó o fún un.